Adágún Tí Ó Gbẹ Kí Ẹ̀wà Tó Jinná

Ní sáà tí ó kọjá, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé. Nígbà tí a dé ibi ọ̀rọ̀ àwọn ilẹ̀ olótùútù, mo sọ fún wọn pé bí oòrùn bá ti pa omi dídì tí ó bo ilẹ̀ Greenland, ṣe ni yóò yọ́, tí yóò sì ṣàn lọ sínú òkun, gẹ́gẹ́ bí òjò ti í ṣàn lórí páànù. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan, ọmọ Ìlàjẹ, tí òkun ti gba ilé bàbá rẹ̀ àgbà ní Ayétòrò, na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ṣé gbogbo rẹ̀ ni ó ń dé òkun lẹ́sẹ̀ kan náà? Ṣé kò sí èyí tí ń dúró lọ́nà?"

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́, ẹ mọ bí ó ti í rí nígbà tí ọmọdé bá béèrè ohun tí àgbà kò mọ̀. Mo ní kí ó jókòó, mo ní a ó sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Nígbà tí mo wá wádìí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé, mo rí i pé ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ wọn kò pé, àti pé ọmọ náà mọ ohun tí ó ń béèrè. Omi tí ń yọ́ lórí omi dídì kì í kàn ṣàn lọ bí òjò orí páànù. Òmíràn ń rìn lábẹ́lẹ̀, òmíràn ń fara pamọ́ fún ọdún pípẹ́, òmíràn sì ti wà ní ibi tí oòrùn kò dé láti ìgbà tí a kò tíì bí baba ńlá wa. Èyí tí ó fara pamọ́ yìí gan-an ni ó yẹ kí a bẹ̀rù jù. Ìdáhùn tí mo fún ọmọ náà ni mo fẹ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé lónìí, nítorí pé ó kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ilé tàbí ìsọ̀ létí òkun.

Ilẹ̀ tí omi dídì bò

Greenland ni erékùṣù tí ó tóbi jù lọ láyé. Ìhà àríwá pátápátá ni ó wà, lábẹ́ ìjọba ọba Denmark, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe àkóso ọ̀ràn ilé wọn fúnra wọn. Bí a bá pín ilẹ̀ náà sí ọ̀nà márùn-ún, omi dídì bo mẹ́rin nínú rẹ̀. Fífẹ̀ omi dídì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì gbogbo Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni ní àárín gbùngbùn, nínípọn rẹ̀ tó 10,000 ẹsẹ̀ bàtà.

Bí ó ti ṣe dé bẹ́ẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Òjò dídì a máa rọ̀ níbẹ̀, ó funfun, ó sì fúyẹ́ bí òwú. Nítorí òtútù, ti ọdún yìí kì í yọ́ tán kí ti ọdún tí ń bọ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹrù ti ń gun ẹrù lórí, ti ìsàlẹ̀ a máa ki, títí yóò fi le bí òkúta. Ṣùgbọ́n ní ibi tí kò jìn sí òkè, kò tíì le tó bẹ́ẹ̀. Ó dàbí iyọ̀ oníhóró tí a dà sínú apẹ̀rẹ̀: àyè wẹ́wẹ́ wà láàárín hóró kan àti èkejì, omi sì lè wọ inú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà wá sídìí rẹ̀.

Ohun kejì tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé òkìtì omi dídì yìí kì í dúró sójú kan. Ìwúwo ara rẹ̀ ń tì í láti àárín lọ sí etí òkun, jẹ́jẹ́, bí oyin tí ó ki ti í wọ́ lórí àwo.

Nígbà tí ó bá di oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, ìgbà ooru dé fún wọn. Oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má wọ̀ rárá. Ojú omi dídì a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, pàápàá ní àwọn ibi tí ó sún mọ́ etí òkun. Omi a máa kó jọ sí ojú kòtò, a sì di adágún tí ó dúdú mìnìjọ̀ bí aró, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2006

Ọ̀kan nínú irú adágún bẹ́ẹ̀ wà ní ìwọ̀-oòrùn Greenland. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì láti Amẹ́ríkà, Sarah Das àti Ian Joughin, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣọ́ ọ. Wọ́n ri ẹ̀rọ tí ń wọn jíjìn omi sínú rẹ̀, wọ́n gbé òmíràn tí ń wo bí omi dídì ti ń rìn sí ẹ̀bá rẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Adágún náà fẹ̀ ju máìlì onígun mẹ́rin méjì lọ, omi inú rẹ̀ sì tó 44 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù.

Ní ọjọ́ 29 oṣù keje, 2006, adágún náà ṣófo. Kì í ṣe pé ó ń fà díẹ̀díẹ̀ bí odò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nǹkan bíi wákàtí kan àti ààbọ̀ péré ni gbogbo omi náà fi wọlẹ̀ lọ. Obìnrin tí ó bá gbé ẹ̀wà kaná nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀wà rẹ̀ kò ní tíì jinná nígbà tí ó parí. Nígbà tí ó le jù, omi tí ń wọlẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo tó 8,700 tọ́ọ̀nù. Èyí ju omi tí í máa já wálẹ̀ ní Niagara, ọ̀sọ̀rọ̀ omi olókìkí tí ó wà láàárín Amẹ́ríkà àti Kánádà.

Omi dídì tí ó wà lábẹ́ adágún náà nípọn ju 3,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, síbẹ̀ omi là á já títí ó fi kan ilẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi sílẹ̀ sì jẹ́rìí sí i pé nígbà tí omi dé abẹ́, ó gbé omi dídì agbègbè náà sókè ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kí ó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ padà. Ẹ rò ó wò: òkè tí ó nípọn tó bẹ́ẹ̀, omi gbé e bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò.

Bí ògiri kò bá lanu

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Òwe yìí gan-an ni àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Bí òkìtì omi dídì ti ń wọ́ lọ sí òkun, ó ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àwọn àpáta tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ sì ń sán. Bí ibi sísán náà bá gbẹ, ìwúwo omi dídì tí ó wà lọ́tùn-ún lósì yóò fún un pa, kò sì ní lè jìn púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá wọ inú rẹ̀, ọ̀ràn yí padà.

Ẹ lè fi ife omi kan dán èyí wò nínú kíláàsì. Ẹ ju omi dídì sínú rẹ̀, yóò léfòó. Kí ni èyí kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé bí a bá wọn méjèèjì lọ́gbọọgba, omi wúwo ju omi dídì lọ. Nítorí náà, nígbà tí omi bá kún ibi sísán, agbára tí omi fi ń ti ẹ̀gbẹ́ ju agbára tí omi dídì fi ń pa ojú rẹ̀ dé. Omi a máa tì, ibi sísán a máa jìn sí i. Bí ó ti ń jìn sí i, omi ń rọ́ wọ̀ ọ́ láti òkè. Bí adágún bá wà tí ó lè máa bu omi sí i láìdáwọ́ dúró, kò sí ohun tí yóò dá a dúró títí yóò fi dé ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ihò tí ó kù kì í sábà dí lọ́gán. Omi ìyókù ìgbà ooru yóò máa gba ibẹ̀ lọ, yóò sì máa gbẹ́ ẹ títí yóò fi dàbí kànga gíga tí a kò rí ìdí rẹ̀. Àwọn ará Faransé sọ irú kànga yìí ní ọlọ, nítorí bí omi ti ń yí tí ó sì ń hó nínú rẹ̀.

Nígbà tí omi bá dé abẹ́

Ní 2002, Jay Zwally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé omi dídì Greenland a máa yára rìn nígbà ooru, nígbà tí omi bá pọ̀ lórí rẹ̀, tí ó sì rí ọ̀nà dé abẹ́. Ẹni tí ó bá ti rìn lórí símẹ́ǹtì tí omi ọṣẹ wà yóò mọ ìdí rẹ̀. Omi ń wọ àárín omi dídì àti ilẹ̀, ohun tí ó di ara wọn mú tẹ́lẹ̀ sì ń yọ̀.

Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà tí wọ́n gbọ́ èyí. Wọ́n rò pé bí ooru bá ti ń pọ̀ sí i ni gbogbo Greenland yóò máa yọ̀ bọ́ sínú òkun. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì. Ẹ fi ti gọ́tà ìlú wò ó. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé ká ibi tí gọ́tà ti dí, omi yóò tàn ká gbogbo àdúgbò, yóò wọ ilé onílé. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀ léraléra, tí omi ti gbá ìdọ̀tí lọ, tí ó sì ti la ojú ọ̀nà ara rẹ̀, òjò ńlá lè rọ̀ kí gọ́tà gbé gbogbo rẹ̀ lọ láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bákan náà ni ó rí lábẹ́ omi dídì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru, kò sí ọ̀nà, omi ń tàn ká, ó ń gbé omi dídì sókè, omi dídì ń sáré. Bí ìgbà ooru ti ń lọ, omi tí ń ṣàn, tí ó sì ń mú ooru díẹ̀ wá, yóò yọ́ ihò gbọọrọ sí abẹ́ omi dídì, yóò gba ibẹ̀ jáde, ìrìn omi dídì yóò sì tún fà sẹ́yìn. Nítorí náà, kì í ṣe bí omi ti pọ̀ tó nìkan ni a ń wò, bí kò ṣe bí ó ti dé lójijì tó, àti bóyá ọ̀nà ti wà fún un.

Omi tí a fi pamọ́

Ẹ̀yin oníṣòwò yóò tètè yé ohun tí ó kù yìí. Ẹni tí owó bá wọlé fún a máa ná díẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà, a máa fi díẹ̀ ṣòwò, a sì máa fi ìyókù pamọ́. Bẹ́ẹ̀ ni omi dídì ń ṣe sí omi rẹ̀. Èyí tí ó ṣàn lọ lórí ni ó ná. Èyí tí ó wọ kànga lọ sí abẹ́ ni ó ń bá a ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n níbo ni ó ń fi ìyókù sí?

Ibi ìpamọ́ àkọ́kọ́ ni òjò dídì tí ó dàbí iyọ̀ oníhóró nì. Omi tí ó yọ́ lókè yóò rì sínú rẹ̀, yóò bá òtútù pàdé, yóò sì tún dì. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ omi ni kì í dé òkun láéláé nítorí èyí.

Ibi ìpamọ́ kejì ya àwọn tí ó rí i lẹ́nu. Ní 2011, Richard Forster ti Yunifásítì Utah àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí gúúsù ìlà-oòrùn Greenland ní oṣù kẹrin, nígbà tí otútù ṣì le tí ìgbà ooru kò tíì dé. Wọ́n fi irin gbẹ́ ihò sínú òjò dídì láti mú díẹ̀ nínú rẹ̀ jáde fún àyẹ̀wò. Nígbà tí wọ́n fa irin náà sókè, omi ń ro lára rẹ̀. Omi tí kò dì, nínú òtútù bẹ́ẹ̀! Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé òjò dídì a máa pọ̀ gan-an lágbègbè náà, èyí tí ó bá sì rọ̀ lẹ́yìn ìgbà ooru ni í bo omi náà mọ́lẹ̀ bí kúbùsù, tí òtútù kò fi ní lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Omi náà ń gbé ibẹ̀ láti ọdún dé ọdún, bí omi inú iyanrìn tí à ń gbẹ́ kànga bá lọ́dọ̀ tiwa.

Ibi ìpamọ́ kẹta ni ó jìn jù, ó sì wà ní òpin ayé kejì, ní Antarctica, níbi tí omi dídì ti pọ̀ púpọ̀ ju ti Greenland lọ. Àwọn ará Rọ́ṣíà dá ibùdó kan sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1957, Vostok ni orúkọ rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti wọn òtútù tí ó le jù lọ tí a tíì fi ẹ̀rọ wọ̀n lórí ilẹ̀ ayé, ìwọ̀n 89 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, ní oṣù keje 1983. Wọn kò mọ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́lé pé adágún kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, tí ó gùn ju 150 máìlì lọ, ní ibi tí ó jìn ju 12,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ní oṣù kejì 2012 ni irin ìlu wọn tó kàn án. Kì í ṣe omi òkè ni ó wọ ibẹ̀. Ooru tí ń jáde láti inú ilẹ̀ wá ni ó ń yọ́ omi dídì láti ìsàlẹ̀, ẹrù tí ó tẹ̀ ẹ́ lórí kò sì jẹ́ kí ó tètè dì.

Irú adágún bẹ́ẹ̀ lé ní 400 tí a ti rí lábẹ́ omi dídì Antarctica. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó sùn. Àwọn mìíràn a máa kún, wọn a sì máa tú omi sí ara wọn lábẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń yí ayé ká lójú ọ̀run rí i bí ojú omi dídì ti ń ga sókè tí ó sì tún ń wálẹ̀, bí àyà ẹni tí ó sùn tí ó ń mí.

Nígbà tí ilé ìpamọ́ bá kún

Ẹni tí ó ní ibi ìpamọ́ kì í tètè bọ́ sínú ìyà. Ewu ń bẹ nígbà tí ibi ìpamọ́ bá kún, tàbí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá tì. Ní oṣù keje 2012, ooru mú ní Greenland débi pé láàárín ọjọ́ díẹ̀, ojú omi dídì yọ́ ní gbogbo erékùṣù náà, àfi ibi kékeré. Odò tí ń ti abẹ́ omi dídì jáde ní Kangerlussuaq kún, ó sì gbá lára afárá rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn irú ooru bẹ́ẹ̀, omi tí ó rì tí ó sì tún dì a máa di pákó líle nínú òjò dídì. Omi ọdún tí ó tẹ̀ lé e yóò dé, yóò bá ilẹ̀kùn ní títì, kò ní ibi tí yóò wọ̀, yóò sì gba orí rẹ̀ ṣàn lọ tààrà sí òkun.

Èyí tí ó burú ju ìyẹn lọ ṣẹlẹ̀ ní Antarctica ní 2002. Pẹpẹ omi dídì kan wà tí ń jẹ́ Larsen B, ó léfòó lórí òkun, ó sì dúró bí ìdènà níwájú àwọn omi dídì orí ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìgbà ooru ọdún náà, adágún wẹ́wẹ́ pọ̀ lórí rẹ̀, omi wọ inú ibi tí ó sán. Láàárín nǹkan bí oṣù kan ó lé díẹ̀, ibi tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó Ìpínlẹ̀ Èkó fọ́ túútúú. Fífọ́ rẹ̀ nìkan kò mú òkun kún, nítorí pé ohun tí ó ti léfòó tẹ́lẹ̀ ti gba àyè tirẹ̀ nínú omi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdènà ti kúrò, omi dídì orí ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ́ sínú òkun, ìyẹn sì ni ó mú òkun kún.

Kí ni ó kàn wá?

Ẹnì kan lè ní, "Olùkọ́, Greenland jìnnà." Ó jìnnà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òkun kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń pín. Láti 2002 tí ẹ̀rọ ojú ọ̀run ti ń wọ̀n ọ́n, Greenland ń pàdánù nǹkan bí 270 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù omi dídì lọ́dọọdún, bí a bá pín in lọ́gbọọgba. Òkun ayé ti ga ju ti 1900 lọ ní ìwọ̀n íǹṣì mẹ́jọ. Bí gbogbo omi dídì Greenland bá yọ́ tán, òkun yóò ga ní ẹsẹ̀ bàtà 23 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn yóò gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kí ẹnikẹ́ni má sì fi dẹ́rù ba ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Omi dídì tí ó tóbi tó ti Greenland a máa fa omi òkun mọ́ra, nítorí ìwúwo rẹ̀. Nígbà tí ó bá ń dínkù, ọwọ́ tí ó fi di òkun mú ń tú, omi á kúrò létí rẹ̀, á sì lọ sí ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, bí Greenland ti ń yọ́, òkun ẹ̀bá ibẹ̀ gan-an ń fà sẹ́yìn, àwa tí a jìnnà sí i ni ó ń kún bá.

N kò sọ pé Greenland nìkan ni ó ń jẹ etíkun wa o. Ní Èkó, àwọn ògiri òkúta tí a mọ sí ẹnu ọ̀nà èbúté láti 1908 sí 1912 ti dí ọ̀nà iyanrìn tí ìgbì ń gbé bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn, láti ìgbà náà ni òkun sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ ní Bar Beach fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní àwọn etíkun mìíràn, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń rì. Ṣùgbọ́n ilé tí ó ti ń yẹ̀, kò yẹ kí a tún máa da omi sí ìdí rẹ̀.

Nígbà tí mo ṣe àlàyé yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, ọmọ Ìlàjẹ nì dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Nígbà náà, sà, a kò lè mọ iye tí ó ń bọ̀ bí a kò bá mọ iye tí ó wà nípamọ́." Mo sọ fún un pé òun gan-an ni iṣẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé náà ń ṣe nínú òtútù.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe kọ́ ọmọ bí mo ti kọ́ wọn ní àkọ́kọ́. Ẹ gbé ife omi kan àti omi dídì wá sí kíláàsì, kí wọ́n fojú ara wọn rí èyí tí ó wúwo. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ fẹ́ ra ilẹ̀ tàbí kọ́ ìsọ̀ létí omi, ẹ má ṣe wo ibi tí òkun dé lónìí nìkan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibẹ̀ ibi tí ó wà nígbà èwe wọn, kí ẹ wọn àyè tí ó wà láàárín méjèèjì, kí ẹ tó ka owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.